Ẹ MÁ JẸ OWÓ-ORÍ TÍ ÒFIN FI SÍLẸ̀: Ẹ SỌ Ọ́ DI OWÓ OGBÓ ÀTI OWÓ ÌWÒSÀN

Ọ̀rọ̀ owó-orí kì í dùn létí ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́jà lónìí, ẹ ó rí i pé ìyá aláta á fajú ro, télọ̀ á dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró, mẹkáníìkì á sì wọ abẹ́ mọ́tò lọ bí ẹni tó ń wá nọ́ọ̀tì tó sọnù. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òní. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, láàárín ọdún 1947 sí 1949, ọ̀rọ̀ owó-orí obìnrin ló kó àwọn ìyá ọjà jọ sẹ́yìn olóògbé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n fi wọ́ lọ sí ààfin, tí Aláké Adémọ́lá sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1949 kó tó tún padà dé. Lọ́dún 1968 sí 1969, owó-orí yìí kan náà wà lára ohun tó bí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ẹ má tíì sá. Ohun kan wà nínú òfin owó-orí tí àwọn tó ń gba owó oṣù ní báńkì àti ní iléeṣẹ́ ńlá ti ń jẹ àǹfààní rẹ̀ tipẹ́, tí ìyá ọlọ́jà àti oníṣẹ́-ọwọ́ kì í sì í gbọ́ sí. Ohun náà ni ẹ̀dínwó. Òfin ní bí èèyàn bá fi lára èrè rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ogbó lọ́nà tí òfin mọ̀, tó sì fi lára rẹ̀ san owó ìnṣọ́ránsì ìlera, ìjọba kò ní gba owó-orí lórí èyí tó fi ṣe nǹkan méjèèjì yẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń san owó tí kò yẹ kó san, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní nǹkan kan nílẹ̀ de ọjọ́ alẹ́.

KÍ NI ÒFIN TUNTUN WÍ?

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026. Ẹ jẹ́ ká là á sí wẹ́wẹ́ bí ẹni la obì.

Ẹni tí èrè rẹ̀ láàárín ọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó kúrò, kò bá ju N800,000 lọ, kò ní san kọ́bọ̀ owó-orí lórí rẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, N800,000 àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí N2,200,000 tó tẹ̀ lé e, N15 ni wọ́n máa gbà nínú N100 kọ̀ọ̀kan. Lórí N9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, N18 nínú N100. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí tí yóò fi di N25 nínú N100 fún owó tó bá ti kọjá N50,000,000 lọ́dún. Àwọn ọlọ́lá nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Òfin àtijọ́ máa ń yọ owó kan sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, yálà ó fowó pamọ́ ni o, tàbí ó ná gbogbo rẹ̀ lórí aṣọ ẹbí. Ìyẹn ti dópin pẹ̀lú ọdún 2025. Ní báyìí, yàtọ̀ sí N800,000 tí gbogbo ayé ní, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dínwó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan kó tó rí i gbà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé òun ṣe é. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé wá bá èèyàn nílé mọ́.

ÈRÈ NI, KÌ Í ṢE OJÚ-OWÓ

Kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ló rò pé gbogbo owó tó bá gba ọwọ́ àwọn kọjá, tàbí gbogbo owó tó bá wọ báńkì, ni ìjọba máa bù lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrè ni wọ́n ń gba owó-orí lé lórí.

Ìyá kan lè ta aṣọ N10,000,000 láàárín ọdún kan ní Gbági, n'Ìbàdàn, kó má sì jèrè ju N1,000,000 lọ. Owó tó fi ra ọjà, owó ọkọ̀ tó gbé e wá, owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná, owó ọmọ tó ń bá a tajà, gbogbo rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ. Èyí tó bá kù ló ń jẹ́ èrè. Bákan náà ni káfíńtà yóò yọ owó pákó, ìṣó àti gúlù kó tó sọ pé òun jèrè. Owó tí èèyàn yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, tó sì wọ báńkì, kì í ṣe èrè. Owó àjọ tó kó kì í ṣe èrè.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń ki èèyàn pé, “Orí ẹ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú,” ẹni tí wọ́n ní kì í kọ̀wé tí kì í sì í ṣì í. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ owó-orí kò lè wo inú orí. Bí kò bá sí ìwé nílẹ̀, ó láṣẹ láti fojú díwọ̀n ohun tó rò pé èèyàn jẹ, ojú tó sì fi wo ọjà tó kún ṣọ́ọ̀bù lè pọ̀ ju èrè tó wà níbẹ̀ lọ. Ìwé kékeré kan, báírò kan, kí á máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde lálaalẹ́, ìyẹn nìkan ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ àpọ̀jù owó-orí.

Ohun mìíràn tún ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ìbílẹ̀ ń já fún wa lọ́jà àti owó ṣọ́ọ̀bù wọn kì í ṣe owó-orí tí à ń wí yìí. Ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Owó-orí lórí èrè ẹni, ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ ló ń gbà á, rìsíìtì rẹ̀ sì yàtọ̀.

OHUN TÍ ÒFIN NÍ KÍ WỌ́N YỌ

Àkọ́kọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn pẹ́ńṣọ̀n, tí èèyàn bá san sínú ètò tí òfin ìfẹ̀yìntì mọ̀.

Èkejì ni owó tí èèyàn bá san sínú ètò ìnṣọ́ránsì ìlera orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀kẹta ni owó ilé tí à ń gbé. Bí èèyàn bá ń san owó ilé, òfin ní kí wọ́n yọ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn N20 nínú N100, kó má ṣáà ti ju N500,000 lọ. Owó ṣọ́ọ̀bù kò sí nínú èyí o. Ìyẹn ti jáde tẹ́lẹ̀ nígbà tí à ń ṣírò èrè.

Ó tún ku mẹ́ta tí a ó fẹsẹ̀ kàn kọjá: owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí tí èèyàn san fún ara rẹ̀ tàbí fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, owó tí a dá sí àpò ilé gbígbé ti orílẹ̀-èdè, àti èlé orí owó tí a yá láti fi kọ́ ilé tí àwa fúnra wa ń gbé.

Ẹ rántí pé ẹ̀dínwó yìí kì í ṣe pé ìjọba máa ká owó náà lé èèyàn lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín èrè tí wọ́n fẹ́ gba owó-orí lé lórí kù. Àpẹẹrẹ ni yóò mú un yé wa.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aláṣọ wa ní Gbági yẹn. Ó jèrè N1,000,000 lọ́dún. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, N800,000 á bọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á ku N200,000. N15 nínú N100 kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ N30,000. Owó tí yóò san nìyẹn.

Ká wá ní ìyá yìí gbọ́n. Ó ń san owó ilé N300,000 lọ́dún, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ N60,000. Ó ń dá N10,000 lóṣù sínú pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, ó di N120,000 lọ́dún. Ó san N20,000 sínú ètò ìlera. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: N200,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú N1,000,000, ó ku N800,000 géérégé. Eélòó ni owó-orí rẹ̀? Òdo! Kò san kọ́bọ̀.

Owó tó yọ lápò rẹ̀ fún pẹ́ńṣọ̀n àti ìlera jẹ́ N140,000. Nínú rẹ̀, N21,000 jẹ́ owó tí ì bá bá owó-orí lọ. Nítorí náà, bí ẹni pé N119,000 ló ná, tó wá ní N120,000 nílẹ̀ de ọjọ́ ogbó, tó sì tún ní káàdì ìwòsàn lọ́wọ́. Owó ilé rẹ̀ ló mú N9,000 tó kù wá. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló gbọ́n jù nínú ìyá méjèèjì?

Ẹ jẹ́ ká tún mú télọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa, tó ń jèrè N2,400,000 lọ́dún. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, N1,600,000 ni wọ́n máa gba owó-orí lé lórí, owó-orí rẹ̀ á jẹ́ N240,000. Ṣùgbọ́n bó bá ń san owó ilé N600,000, tí N120,000 yọ níbẹ̀, tó ń dá N20,000 lóṣù sí pẹ́ńṣọ̀n, tó jẹ́ N240,000, tó sì san N40,000 fún ìlera òun àti ẹbí rẹ̀, gbogbo ẹ̀dínwó rẹ̀ di N400,000. Owó-orí rẹ̀ á wá sí N180,000. Ó jèrè N60,000.

Kí ló máa fi N60,000 yẹn ṣe? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á ní “owó ọ̀fẹ́ wọlé,” wọ́n á fi jẹ̀gbádùn. N60,000 lọ́dún jẹ́ N5,000 lóṣù. Bó bá tún dá a padà sínú pẹ́ńṣọ̀n lọ́dọọdún, láàárín ọdún mẹ́wàá, ojú-owó rẹ̀ nìkan jẹ́ N600,000, kí á tó ka èrè tó bá gbé wá. Owó-orí tí òfin fi sílẹ̀, òun ló sọ di owó ogbó. Ibi tí ẹ̀dínwó ti ń wúlò nìyẹn.

ÀJỌ DÁRA, ṢÙGBỌ́N ỌWỌ́ ÒFIN KÒ TÓ O

Àwọn kan á ní, “Èmi náà ń fowó pamọ́. Mò ń dá àjọ lójoojúmọ́, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.” Ó dára púpọ̀. Àjọ ló fi ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́jà ṣe yunifásítì, àjọ ló ra ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-ọwọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bú àjọ.

Ṣùgbọ́n òfin owó-orí kò mọ àjọ. Owó tí ẹ dá fún alájọ kò sí nínú àwọn ohun tí wọ́n ń yọ, bó ti wù kó pọ̀ tó. Èkejì, àjọ kì í dúró de ogbó. Oṣù kan, ọdún kan, a ti kó o, a ti fi ra ọjà, a ti fi san owó iléèwé. Ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ nípa alájọ tó sá lọ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Kí àjọ máa ṣe iṣẹ́ àjọ, kí pẹ́ńṣọ̀n náà máa ṣe iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n. Ẹnìkan kì í fi igbá kan bu omi, kó tún fi ta iyọ̀.

PẸ́ŃṢỌ̀N FÚN ẸNI TÍ KÒ LỌ́GÀÁ

Láyé àtijọ́, bí a bá gbọ́ pẹ́ńṣọ̀n, ojú wa á lọ sára àwọn tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2004, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2014, ló sọ ọ́ di pé òṣìṣẹ́ á dá N8 nínú N100 owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á sì fi N10 kún un. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi N10 kún ti ìyá alákàrà? Ta ni ọ̀gá bíríkìlà?

Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2019, ìjọba ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn: ọlọ́jà, oníṣẹ́-ọwọ́, awakọ̀, àgbẹ̀. Èèyàn á lọ sí iléeṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n kan tí àjọ PenCom, tó ń bójú tó wọn, fún níwèé àṣẹ. Á mú nọ́ńbà NIN rẹ̀ lọ, wọ́n á ṣí àkáǹtì fún un, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò ní yí padà. Kò sí iye kan pàtó tí wọ́n fi ipá mú un san. Ó lè san lójoojúmọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù, bí ọjà bá ṣe tà sí. Lọ́dún 2025 ni PenCom tún ètò náà ṣe, tí wọ́n sì fún un lórúkọ mìíràn, ètò pẹ́ńṣọ̀n aládàáni.

Ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019 pín owó náà sí méjì. Nínú N100 kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá san, N40 wà fún ìgbà tí nǹkan bá dé, ó sì lè gbà nínú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀. N60 tó kù, tìpa ni wọ́n tì í, ó di ọjọ́ ogbó. Èyí bá ìṣe ọlọ́jà mu, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ọjà á jóná tàbí tí ọmọ á ní ká wá san owó ìdánwò.

Ohun mìíràn tó yẹ ká mọ̀ ni pé iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àkáǹtì náà kọ́ ló ń tọ́jú owó sọ́wọ́. Iléeṣẹ́ mìíràn ni owó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí tí òfin fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kí ẹni tó ń sọ bí owó ṣe máa ṣiṣẹ́ má lè gbé e sá lọ.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kò ní àléébù? Rárá o. Náírà ń padà sẹ́yìn, ohun tí N1,000 ń rà lónìí kọ́ ló máa rà lọ́dún mẹ́wàá sí i. Iléeṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n ń fi owó náà ṣòwò kí ó lè máa pọ̀, ṣùgbọ́n èrè náà lè má bá ọ̀wọ́n gógó ọjà sáré dọ́gba. Nítorí náà, kí ẹni tó ní ilẹ̀ má ta ilẹ̀ nítorí pẹ́ńṣọ̀n, kí ọlọ́jà má sì tú ojú-owó òwò rẹ̀ palẹ̀ dá sínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, láti inú èrè, ni.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkété kékeré òde òní. Ó ń sanwó ilé, ó ń sanwó iléèwé ọmọ mẹ́ta, ẹlòmíì sì ti lọ sí Kánádà, gbèsè ìrìn-àjò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ́ bọ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ ni kò tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó ní tirẹ̀ nílẹ̀ kò ní di ẹrù lórí ọmọ. Ohun tí ọmọ bá sì fún un, ẹ̀bùn ni yóò jẹ́, kò ní jẹ́ ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ bá ara wọn jà.

ÀÌSÀN KÌ Í KAN ILẸ̀KÙN

Bí owó ogbó bá ṣe pàtàkì tó, àìsàn kan ṣoṣo lè gbé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni kò mọ káfíńtà tó ta àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ ìpákè? Ta ni kò mọ ìyá tó kó gbogbo àpò ìrẹsì inú ṣọ́ọ̀bù tà láti fi gba ọmọ sílẹ̀ ní ọsibítù? Nígbà tí ara bá yá tán, kò ní ohun tí yóò fi padà sọ́jà. Ìdí nìyí tí pẹ́ńṣọ̀n àti ìlera fi gbọ́dọ̀ jọ máa rìn. Ẹni tó ní èkínní, tí kò ní èkejì, ńṣe ló ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1999 ni òfin ìnṣọ́ránsì ìlera kọ́kọ́ dé, iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ jù. Lọ́dún 2022, wọ́n ṣe òfin tuntun tó ní gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti dá tiwọn sílẹ̀. Èkó ní èyí tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀ṣun, Èkìtì, Ògùn àti Oǹdó. Èèyàn lè san fún ara rẹ̀ nìkan, ó sì lè san fún gbogbo ẹbí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Ẹ kà á sí èsúsú kan tó jẹ́ pé àìsàn ló ń sọ ẹni tó máa kó o. Gbogbo wa á dá díẹ̀díẹ̀ sí i. Ẹni tí ibà mú, tàbí tí ó fẹ́ bímọ, òun ni owó náà á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lọ́dún yìí, kí ó dúpẹ́, kò pàdánù. Ọ̀la ló dá owó sí.

Ṣùgbọ́n kí a má fọ́jú gba káàdì o. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ni ètò kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú. Kí èèyàn tó sanwó, kí ó béèrè: Ọsibítù wo ni mo lè lò, ṣé ó súnmọ́ ilé mi? Iṣẹ́ abẹ wo ló wà níbẹ̀? Ìbímọ ńkọ́, bó bá di pé kí wọ́n là mí? Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ni mo máa dúró kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe kókó, torí ọ̀pọ̀ ló ń dúró kí àìsàn kọ́kọ́ wọlé kí wọ́n tó sáré lọ forúkọ sílẹ̀. Ìgbà tí ara bá le là ń san án.

Àwọn kan tó ní káàdì ń ráhùn pé wọ́n máa ń ní kí àwọn lọ ra òògùn níta, tàbí pé ẹni tó mú owó wá ni dókítà ń kọ́kọ́ wò. Ìráhùn náà kò ṣàjèjì. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, kí ó gba ìwé ohun tó rà, kí ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlera ìpínlẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ ni, kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe é.

ẸNI TÍ KÒ LÓWÓ-ORÍ Í SAN ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìyá tó ń ta ata rodo lórí àtẹ, tí èrè rẹ̀ kò tó N800,000 lọ́dún, kò ní owó-orí í san. Ẹni tí kò ní owó-orí í san, ẹ̀dínwó kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó ń jèrè ju N50,000,000 lọ, bó bá dá N100 sí pẹ́ńṣọ̀n, N25 ló bọ́ lọ́wọ́ owó-orí. Télọ̀ wa, N15. Ìyá aláta, òdo. Ẹni tó ní jù ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ jù. Ìyẹn kò dára tó, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin gbọ́.

Ibòmíì wà tí wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní Rùwáńdà, wọ́n dá ètò ìfowópamọ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2018 tí wọ́n ń pè ní Ejo Heza. Níbẹ̀, bí tálákà bá dá díẹ̀, ìjọba náà ń fi díẹ̀ kún un. Ìyẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀dínwó owó-orí kò lè dé. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá sì ní ohun tó fẹ́ sọ sí i, ojú-ewé lẹ́tà ìwé ìròyìn yìí ṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá aláta kò ní jókòó dúró dè wọ́n. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti inú àpò ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ní ìpìlẹ̀, lára rẹ̀ sì wà fún àwọn aláìní. Kí aláboyún, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, àgbàlagbà àti aláàbọ̀ ara lọ béèrè ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò wọn bóyá orúkọ wọn lè wọlé. Ní ti pẹ́ńṣọ̀n, ilẹ̀kùn ṣí fún òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀dínwó níbẹ̀. N200 lójúmọ́ tó ti ń dá fún alájọ, bó bá ya N50 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí òwò bá sì wá búrẹ́kẹ́ lọ́jọ́ iwájú, tí èrè rẹ̀ wọ ibi owó-orí, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LỌ́SẸ̀ YÌÍ

Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ẹ gba rìsíìtì owó ilé lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, kí orúkọ yín, iye owó àti ọdún wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ rìsíìtì, ẹ fi owó ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ báńkì kí ẹ̀rí lè wà.

Ẹ lọ ṣí àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìlera. Ẹ má ṣe ka owó lé ọmọkùnrin kan tó gbé báàgì kọ́rùn lọ́wọ́. Inú àkáǹtì iléeṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ san án sí, kí ẹ sì rí i pé orúkọ iléeṣẹ́ ọ̀hún wà nínú àwọn tí PenCom fún níwèé àṣẹ. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún yín, ẹ kó o sínú àpò kan ṣoṣo.

Kí oṣù kẹta ọdún tó parí, ẹ gbé àpò náà lọ sí ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sọ èrè tí ẹ jẹ lọ́dún tó kọjá, kí ẹ sì ní kí wọ́n yọ ohun tí òfin ní kí wọ́n yọ. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè ní kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wá bá wọn ṣèpàdé lọ́jà, kí ó ṣàlàyé fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Bí ẹ kò bá sì béèrè, kò sẹ́ni tó máa rán yín létí.

Agbára ọwọ́ ń tán, ojú tí à ń fi kó òwú sí abẹ́rẹ́ ń ṣú, orúnkún tí à ń fi jókòó tajà láti àárọ̀ ń dunni. Kò sí àṣeyọrí ọjà tó lè dá ọjọ́ yẹn dúró, ìmúrasílẹ̀ nìkan ló wà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.